Orúnkún Kẹ́hìndé Nínú Fáìlì Mi

Jánúárì 8, 1991

Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi ya nígbà tí mo rẹ́rìn-ín sí Wúràọlá láàárọ̀ yìí. Wúràọlá ló ń bá mi se omi gbígbóná ní yàrá fisiótẹ́rápì, òun náà ló sì mú lẹ́tà àwọn ọ̀gá wa ní Ìbàdàn wọlé. Kò sí ìdánwò lọ́dún yìí. Kò sí pé kí n jókòó sí gbọ̀ngàn, kò sí pé kí n há ìwé sórí bí ọmọ iléèwé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní ìgbèríko kó ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ sínú fáìlì: àwọn aláìsàn tí a tọ́jú, bí a ṣe tọ́jú wọn, fọ́tò, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde, àti èyí tí kò bọ́ sí i fún wa. Kí fáìlì dé ọ̀dọ̀ wọn kí Máàṣì tó parí. Lẹ́yìn náà, wọn á wá fojú ara wọn wo àwọn tí a kọ nípa wọn.

Dókítà Akínladé, ọ̀gá ilé ìwòsàn wa, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Tí mo bá yege, yàrá mi dúró, èmi náà dúró. Tí mi ò bá yege, wọn yóò dá mi padà sí Ìbàdàn lọ wà lábẹ́ ọ̀gá, yàrá náà yóò sì di ibi ìkóoògùnsí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé bóyá òjò á rọ̀. Bẹ́ẹ̀, láti Èrúwà títí dé Igangan, yàrá yìí nìkan ló wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ bá kọṣẹ́.

Jánúárì 9

Mo ra fáìlì pupa kan. Látàárọ̀ ni mo ti ń yẹra fún un bí ìyàwó tuntun ṣe ń yẹra fún ìyakọ.

Jánúárì 14

Ọkùnrin méjì wọlé láti Ìdèrè lónìí. Ọ̀kan jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, èkejì ń tì í. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Imú kan náà, etí kan náà, ilà ojú kan náà, títí dórí eyín iwájú tó pín yà. Ìbejì. Ó yẹ kí nǹkan yìí ti mọ́ mi lára ní Ìgbó-Ọrà, níbi tí mo ti máa ń pàdé ìbejì lọ́nà kí n tó dé ibi iṣẹ́, síbẹ̀ kò mọ́ mi lára. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì máa ń bà mí, ẹ̀rù tó dùn.

Kẹ́hìndé ni aláìsàn. Yẹ̀kínì lorúkọ tí wọ́n pè sí i létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá Ìbílọlá ni wọ́n ń pè é. Táyé, ìyẹn Gàníyù, ló ń ti kẹ̀kẹ́. Sòbìà ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún òsì Kẹ́hìndé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ó wú, ó kẹ̀, ọkùnrin náà sì fi oṣù púpọ̀ sùn lórí ẹní pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíká, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìrora náà ṣe ń dẹwọ́. Sòbìà ti lọ. Ó fi ojú àpá kan tó ń dán bí kọ́bọ̀ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tí kò nà mọ́ sílẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ tiro. Nígbà tó sùn gbọọrọ, gbogbo apá mi gba abẹ́ orúnkún náà kọjá bí ẹni gba abẹ́ afárá.

Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ náà ṣe fún òun. Gbogbo wọn ni mo máa ń bi, púpọ̀ nínú wọn á sì ní kí n ṣáà wo àwọn sàn. Kẹ́hìndé ronú dáadáa kó tó fèsì.

“Sísítà, ní Yídì ọdún tó kọjá, orí àga ni mo jókòó sí lẹ́yìn. Táyé wà lórí ìlà. Àti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, a ò dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú Ọlọ́run rí. Mo fẹ́ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín Máàṣì, Yídì yóò sì bọ́ sí Épírì. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni n óò fi ṣe iwájú fáìlì mi.

Jánúárì 15

A gbé Kẹ́hìndé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àkànó tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ògiri rẹ̀ kún fún ìbejì, àtàgbà àtọmọdé. A bá obìnrin kan níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan. Ibà ń ṣe èkejì nílé. Àkànó ya ọmọ náà lápá ọ̀tún àga, ó ní kí ìyá pa aṣọ rẹ̀ dà, ó tún yà á lápá òsì. Ó ní òun á lẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ìwé kan. Ìyá dúpẹ́, ó lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Àkànó ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ti ọ̀gá òun náà, kò sì sí ìyá tó tíì bínú rí.

Ó ya Kẹ́hìndé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣòkòtò kíká dókè itan, ọwọ́ lára ògiri, orúnkún kíká bí ìwọ̀. Owó fíìmù ti gun òkè. Ohun tó ń ra odidi kan lọ́dún tó kọjá kò lè ra ìdajì mọ́.

Jánúárì 29

Táwẹ́lì gbígbóná, lẹ́yìn náà nínà, lẹ́yìn náà àpò iyanrìn lórí orúnkún títí Kẹ́hìndé yóò fi máa pe Ọlọ́run. Lónìí, mo tẹ orúnkún Kẹ́hìndé, Táyé tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ló ké. Ó di orúnkún tirẹ̀ mú. Kì í ṣe àwàdà o, òógùn bò ó níwájú orí. Wúràọlá ní kí n rọra, kí n má lọ sọ aláìsàn kan di méjì. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ.

Mo wá rídìí tí ohun tí mo bá nà láàárọ̀ fi ń ká padà kó tó dọjọ́ kejì. Ìyá wọn, Ìyá Sàrátù, ló ń fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́ kó lè sùn. Mo ránṣẹ́ sí i pé àánú rẹ̀ ló ń ká ẹsẹ̀ náà. Ó ránṣẹ́ padà pé òun gbọ́, òun á gbé ìrọ̀rí pamọ́, ṣùgbọ́n kí n má pe àánú lórúkọ burúkú mọ́.

Fẹ́búárì 6

Mo wọ takisí lọ sí Lánlátẹ̀ lọ wo Bàbá Zachariah, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún. Ó ń ṣe dáadáa lọ́wọ́ mi nígbà òjò, ó wá dédé dáwọ́ wíwá dúró. Mo fẹ́ fi í ṣe ojú ìwé èyí tí kò bọ́ sí i. Nínú ọkàn mi, mo ti dájọ́ fún un pé ọ̀lẹ ni.

Mo bá Bàbá nínú yàrá, fèrèsé ní títì. Ó ní èmi ni mo ní kí òun máa fi ọwọ́ òsì ṣe ohun gbogbo títí ọ̀tún yóò fi padà.

“Ọmọ mi, àwọn tí mo kọ́ níwèé ń wá kí mi. Ṣé ọwọ́ òsì ni kí n máa nà sí wọn?”

Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Èmi Olúwayẹ́misí, tí ìyá mi nà nítorí pé mo fọwọ́ òsì gba ẹ̀kọ, èmi ni mo sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì bó ṣe rí, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé ojú ìwé yẹn ló jóòótọ́ jù nínú fáìlì náà.

Fẹ́búárì 18

Gìgísẹ̀ Kẹ́hìndé kan ilẹ̀ lónìí.

Fẹ́búárì 19

Mi ò lè kọ̀wé kọjá gbólóhùn kan lánàá. Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ló wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó gbé e, ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbé e. Ó ní ilẹ̀ tutù. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn, pé ilẹ̀ tutù.

Mo ti kàwé nípa orúnkún títí ojú mi fi wọ̀. Mo mọ orúkọ gbogbo iṣan tó dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó sọ fún mi ìdí tí iṣan tó ti gbàgbé yóò fi gbà láti rántí tí a bá ń fi sùúrù bi í léèrè lójoojúmọ́. Ìyanu ni. Mo wo ọwọ́ ara mi méjèèjì nílé, ẹ̀rù wọn bà mí díẹ̀.

Máàṣì 4

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá. Òórùn ilẹ̀ gba ìlú kan. Mo ń yọ̀, àṣé ayọ̀ mi ò ní pẹ́. Kẹ́hìndé wá dágbére. Òun àti Táyé ń lọ sóko wọn lẹ́yìn Igangan lọ kọ ebè, ó di ìgbà tí iṣu bá wọlẹ̀ kí wọ́n tó padà. Mo ní orúnkún yẹn ò tíì parí. Ó ní ilẹ̀ náà ò ní dúró de orúnkún. Mo bínú, mo sọ̀rọ̀ tó ju ọjọ́ orí mi lọ, Táyé ló bá mi bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí ìbínú mi rọ̀, mo ní kí Kẹ́hìndé sùn sórí ẹní, mo sì tún gbogbo rẹ̀ kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀: bí yóò ṣe ká aṣọ sábẹ́ gìgísẹ̀, bí yóò ṣe tẹ orúnkún mọ́lẹ̀ kó tó jí dáadáa, bí yóò ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè ní gígùn. Táyé jókòó sí igun yàrá, ó ń jẹ obì, ó ń wò. Mo ní kí Kẹ́hìndé ṣáà yọjú sí Àkànó kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó ya fọ́tò kejì. Ó gbà.

Máàṣì 13

Ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ Ìdèrè rán Ìyá Sàrátù létí fọ́tò. Ẹnu mi korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Máàṣì 19

Ara mi yá díẹ̀. Mo lọ gba fọ́tò lọ́wọ́ Àkànó. Mo yọ ọ́ nínú àpò ìwé, mo sì jókòó sórí àga àwọn oníbàárà láìgbàṣẹ. Kẹ́hìndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan náà, ṣòkòtò kíká bákan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gún ṣánṣán. Ó gún bí òpó. Mo gbé ti Jánúárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ń sunkún, àfi ìgbà tí Àkànó ní kí n má jẹ́ kí omi kán sórí fọ́tò.

Èyí tọwọ́ mi wá? Mo ń bi ara mi títí mo fi délé. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ìwé kìíní, mo kọ orúkọ Kẹ́hìndé sábẹ́ méjèèjì.

Máàṣì 21

Mo gbé fáìlì dé Ìbàdàn. Akọ̀wé gbà á, ó jù ú sórí àwọn tó kù láìwò ó. Búrẹ́dì ti gbówó lérí, gáàrì náà sì ti ń tẹ̀ lé e.

Máàṣì 25

Dókítà Akínladé ti kó páálí oògùn mẹ́rin wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó ní wọ́n kàn sinmi níbẹ̀ ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń fò wọ́n kọjá.

Máàṣì 31

Àjíǹde. Lẹ́yìn ìsìn, mo fẹ́ fi ẹ̀dà fọ́tò kejì tó kù lọ́wọ́ mi han àwọn ọmọ ìjọ, kí n bá wọn fògo fún Ọlọ́run. Mo gbé e sínú oòrùn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Orúnkún náà jọ̀lọ̀ láti òkè délẹ̀. Kò sí àpá sòbìà.

Mo gbé e súnmọ́ ojú. Mo gbé e jìnnà. Orúnkún òsì ni, apá òde ló kọjú sí kámẹ́rà, ibi tí àpá yẹ kó wà gan-an. Awọ ara tí kòkòrò kankan ò fọwọ́ kàn rí. Táyé ni. Nígbà tí mo gba fọ́tò náà, gígùn ẹsẹ̀ nìkan ni ojú mi ń wá, ìyẹn náà ló sì rí. Fáìlì mi wà ní Ìbàdàn báyìí, irọ́ wà lójú ìwé kìíní rẹ̀, orúkọ mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò jẹ ìrẹsì Àjíǹde.

Épírì 1

Mo bá Àkànó níbi tó ti ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ìjà náà ò rí ibi gúnlẹ̀ sí, nítorí ọkùnrin náà ò mọ ohun tó ṣe.

“Ẹ ní kí n ya Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé wà lóko. Ìkejì rẹ̀ wá dúró fún un. Kí ló tún kù, Sísítà?”

Mo ní ẹsẹ̀ aláìsàn ni mo fẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ wọn kan náà ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ ìbejì. Ó nawọ́ sí ògiri, ó ní nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kí n nawọ́ sí èyí tí òun fi parọ́. Ìyá wo ló fi fọ́tò ìbejì wá èwo ló ní àpá? Èmi nìkan ni.

Épírì 2

Mo lọ sí Ìdèrè. Ìyá Sàrátù ò bò ó. Ó ní Táyé ló yọjú wálé láti wá mú èèbù iṣu tó kù, òun sì ní kó lọ dúró fún ẹnìkejì rẹ̀ lọ́dọ̀ Àkànó, kí ọ̀nà oko tó jìn má bàa pa orúnkún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe lára. Ó tún jẹ́ pé àánú ni. Mo bi í pé báwo ni orúnkún náà. Ó ní òun náà ò tíì rí i láti ìgbà tí wọ́n ti lọ.

Ohun tó gbé jìnnìjìnnì bá mi nìyẹn. Orúnkún tí sòbìà bá jẹ, tí olùtọ́jú bá fi sílẹ̀ lóṣù kan, kíká ló máa ń ká padà. Bóyá mi ò ní ẹ̀rí kankan mọ́, yálà lórí ìwé tàbí lórí ilẹ̀.

Épírì 4

Takisí gbé mi dé Igangan, alùpùpù gbé mi wọ inú ẹrẹ̀, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo gbọ́ ìró ọkọ́ kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin méjì wà lórí ebè, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń nàró, kò sí ẹni tó fi ọ̀pá tilẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ti tiro wọ yàrá mi ní Jánúárì. Àánú Olúwa pọ̀.

Mo ní kí Kẹ́hìndé sùn sórí aṣọ rẹ̀ lábẹ́ igi. Ó ń gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo fi ọwọ́ sábẹ́ orúnkún. Ìka kan ṣoṣo ló rí ibi kọjá. Ní Jánúárì, apá mi lódindi ló ń kọjá níbẹ̀. Mo ní kí Táyé náà sùn. Abẹ́ tirẹ̀ ò gba ìka.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ tí mo tọ́jú dára, ó ń kọ ebè, kò gún tó èyí tó wà nínú fáìlì mi. Mo ṣàlàyé fún wọn. Táyé gbọ́ ọ tán, ó gbọn ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Tí àwọn ará Ìbàdàn bá dé, èmi ni n óò wá. Ẹ ò ní parọ́ kankan. Ẹ kàn ní kí n ká ṣòkòtò.”

Épírì 8

Àwọn ará Ìbàdàn ń bọ̀ lọ́jọ́ kọkànlá oṣù yìí. Wúràọlá náà ní kí n mú Táyé wá, ta ni yóò mọ̀? Ó ní tí wọ́n bá ti yàrá yìí, ta ni yóò se omi gbígbóná fún ẹni tí sòbìà bá ṣe lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò wọ̀ mí létí. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè sọ pé ẹni tó fi fọ́tò ẹlòmíì sí iwájú, kí ni kò lè fi sẹ́yìn. Tí mo bá dákẹ́, mo yege pẹ̀lú orúnkún tí mi ò fọwọ́ kàn rí.

Mo ránṣẹ́ sóko pé kí àwọn méjèèjì wá.

Épírì 11

Ọ̀gá Abíọ́dún ló wá, obìnrin kúkúrú, irun funfun, ó so awò ojú mọ́ okùn lọ́rùn. Ó fo páálí Dókítà Akínladé kọjá láìbéèrè. Ó ṣí fáìlì, ó ka ti Bàbá Zachariah lẹ́ẹ̀mejì, ó wá padà sí ojú ìwé kìíní. Ó ní iṣẹ́ orúnkún yìí wú òun lórí púpọ̀.

Mo ní, “Mà, ẹni tó wà nínú fọ́tò kejì kọ́ ni mo tọ́jú.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ibà mi dé orí ògiri Àkànó. Kò gbé orí, kò sì mi orí. Nígbà tí mo parí, ó ní kí wọ́n wọlé.

Wọ́n wọlé nínú aṣọ kan náà, nítorí Ìyá Sàrátù ò gbà kí wọ́n jáde lọ́nà míì. Ọ̀gá wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, irú èyí tí tèmi máa ń ṣe. Ó ní kí wọ́n sùn sórí ẹní. Ó fi ìka tirẹ̀ sábẹ́ orúnkún kìíní, ó fi sábẹ́ èkejì. Ó fọwọ́ pa àpá tó ń dán. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù. Ó bi Kẹ́hìndé pé lóṣù kan láìsí olùtọ́jú, pẹ̀lú iṣẹ́ ebè, kí ni kò jẹ́ kí orúnkún yìí ká padà.

Kẹ́hìndé fi àgbọ̀n júwe ẹnìkejì rẹ̀.

Táyé ò dìde. Ó ká àkísà sábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ká a, ó na ẹsẹ̀ tí kò ṣàìsàn rí, ó gbin bí mo ṣe máa ń gbin, ó wá fi ohùn mi sọ̀rọ̀.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má tàn mí jẹ. Ẹ mú un dúró, Bàbá Ìbílọlá, mo ń wò yín. Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀. Ẹ sinmi.”

Wúràọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Táyé ṣe gbogbo rẹ̀ tán, kò fo ọ̀kan, kò ṣi ọ̀kan gbé ṣáájú èkejì, Kẹ́hìndé sì ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òjìji. Ó ní lẹ́yìn sààrì lójoojúmọ́ ni àwọn ń ṣe é. Ó ní tí òun kò bá ṣe é pẹ̀lú ẹsẹ̀ tòun, Kẹ́hìndé kì í ṣe tirẹ̀, nítorí láti kékeré, ohun tí àwọn ò bá jọ ṣe kì í parí. Igun yàrá ni ọkùnrin yìí jókòó sí, tó ń jẹ obì. Mi ò mọ̀ pé mo ń kọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọ̀gá Abíọ́dún tún ṣí fáìlì sí ojú ìwé kìíní. Mo rò pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi lé mi lọ.

Ó ní, “Ẹ má yọ fọ́tò náà kúrò. Orúkọ abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ yí padà. Ẹ kọ ọ́ pé: Gàníyù, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé.”

Ó ní fọ́tò ẹsẹ̀ gígùn, ẹnikẹ́ni lè rí i yà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tó wọ ara ẹlòmíì lọ, tó sì ń bá a ṣiṣẹ́ nínú oko tí òun fúnra rẹ̀ ò sí, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ní kí á kó jọ, òun kò sì retí pé òun á rí i. Ó ránṣẹ́ pe Àkànó. Ó dúró tì í pé kó ya méjèèjì pa pọ̀, orúnkún pẹ̀lú àpá, orúnkún láìsí àpá. Àkànó ní fíìmù ni wọ́n ń fi ṣòfò yẹn.

Ọ̀gá kò sọ fún mi bóyá mo yege tàbí mi ò yege. Ó bọ́ sínú mọ́tò, ó lọ.

Épírì 15

Wọ́n pe Dókítà Akínladé láti Ìbàdàn. Mo yege. Yàrá dúró. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un: kí n padà sọ́dọ̀ Bàbá Zachariah, kí n sì wá ọ̀nà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yóò fi máa wà lókè ọwọ́ òsì nígbà tó bá ń kí àlejò. Èmi tí mo kàwé, mi ò ronú kan ọ̀nà yẹn! N óò lọ lọ́jọ́rú.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló gbé páálí kìíní kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ṣebí òun sọ fún mi pé wọ́n kàn sinmi ni. Nílùú, wọ́n ní wọ́n ti rí oṣù Yídì.

Épírì 16

Òjò rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì dá kí oòrùn tó yọ. Mo lọ sí Yídì ní Ìdèrè. Kírísítẹ́nì bíi tèmi, mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn obìnrin tẹ́ ẹní sí. Ìyá Sàrátù rí mi, ó fà mí lọ́wọ́ súnmọ́ ara rẹ̀. Pápá funfun láti ìkángun dé ìkángun. Ojú mi ń wá Kẹ́hìndé lórí àga tó wà lẹ́yìn. Kò sí lórí àga.

Ìyá fi ìka hàn mí. Orí ìlà ni wọ́n wà, ejìká kan ejìká, fìlà kan náà, aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ilẹ̀ tútù. Mo ti fọwọ́ kan orúnkún yẹn ju bí ìyá tó bí i ṣe fọwọ́ kàn án lọ. Mo mọ bó ṣe ń gbóná, mo mọ ibi tó ti ń dun alára, mo mọ ìka kan tó kù lábẹ́ rẹ̀.

Kí wọ́n tó kírun, Ìyá Sàrátù bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín pé èwo ni tèmi nínú àwọn méjèèjì.

Mo wo ẹni ọ̀tún. Mo wo ẹni òsì. Mo tún wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, títí lèmámù fi gbé ohùn sókè. Mi ò mọ̀ ọ́n.